Ẹni Tó Wá Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Dẹ́rẹ́bà

Ní ọdún tí ọkọ mi fi dùbúlẹ̀ tó kọjú sí ògiri, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra tó "ẹ kú ewu." Mo mọ̀ pé ìkíni rere ni. Ẹni tó bá yọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ là ń kí i, ilé wa ní Ṣàgámù kò sì ṣófo fún àwọn tó ń wá kí wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ní, "Owólabí, ẹ kú ewu o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́," ńṣe ni ọkọ mi á fa aṣọ borí. Lọ́jọ́ náà, kò ní jẹun mọ́. Èmi tí mo sè é ni màá jókòó ti abọ́, tí màá máa bú àlejò nínú ọkàn mi.

Dẹ́rẹ́bà ni Owólabí. Òun àti Lásúnkànmí, ọmọ Ìpara, ni wọ́n jọ ń wa lọ́rì obì láti Ṣàgámù lọ sí Kánò. Bí ọ̀kan bá wà á títí tó rẹ̀ ẹ́, èkejì á gba sítíárì. Wọ́n ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan ò já èkejì kulẹ̀ rí. Ní ọdún 1981, nígbà tí wọ́n kọjá Mọ́kwà, táyà iwájú bẹ́, lọ́rì sì ṣubú. Lásúnkànmí tó di sítíárì mú kú lójú ẹsẹ̀. Owólabí tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ ní itan. Ohun tó ń jẹ ọkọ mi lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: ìgbà tirẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Òun ló yẹ kó máa wakọ̀ nígbà yẹn, Lásúnkànmí ló ní kó sùn.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, itan ti jinná. Dókítà ní kó máa fi ọ̀pá rìn. Kò rìn. Kò sọ̀rọ̀ ju "rárá" àti "ẹ fi mí sílẹ̀" lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé kò lọ sí Ìpara. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹ̀yin méjì bá jọ jáde tí ẹnì kan ò bọ̀, ẹni tó bọ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ jókòó níwájú ìyá ẹni tí kò bọ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe jẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìgbà tí ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n sin Lásúnkànmí, kò sẹ́ni tó bá a wí nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣù ń gorí oṣù. Àwọn tó ń ti Ìpara bọ̀ ní màmá Lásúnkànmí ń béèrè pé, "Owólabí dà?" Mo sọ fún un. Ó fa aṣọ borí. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, nítorí ó yé mi pé bí ọkùnrin yìí ò bá lè lọ sí Ìpara, kò ní dìde lórí ẹní yẹn láéláé.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wá. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n gbàdúrà títí ara ilé kejì fi yọjú. Lẹ́yìn náà ni bàbá kan nínú wọn ní ó yẹ kí a dá ọjọ́ ìdúpẹ́, kí Owólabí wọ aṣọ funfun, kí a fi ijó gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi ṣí aṣọ kúrò lórí.

"Ọpẹ́ kí ni?" ló bi wọ́n. "Ọpẹ́ pé Lásúnkànmí kú dípò mi?"

Bàbá náà fẹ́ dá a lóhùn, mo bá dìde, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú àdúrà o, ilẹ̀ ti ń ṣú." Oòrùn ọ̀sán ṣì ń ràn lójú gbogbo wa. Wọ́n mọ̀ pé mò ń lé wọn ni, wọ́n sì lọ.

Iṣẹ́ obì ni mò ń ṣe nígbà náà. À ń gba obì gbánja lọ́wọ́ àwọn ará oko, a ó rẹ ẹ́ sínú omi kí awọ rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó wá tẹ́ ẹ sínú agbọ̀n kó gbẹ omi kó sì láàgùn tán, kí a tó fi ewé dì í fún àwọn oníbàárà ní Sábó. Abẹ́ àtíbàbà kan la ti máa ń bó o tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí n kò lè fi ọkọ mi sílẹ̀, mo kó tèmi wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá kó tiwọn tẹ̀ lé mi. Ọ̀kan ni Sàdíátù, ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Èkejì ni Màmá Bọ̀wálé.

Ọmọ Ìpẹru ni Màmá Bọ̀wálé. Ọmọ́bọ̀wálé ni orúkọ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, òun fúnra rẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Obìnrin kúkúrú, dúdú, tó ní ìwọ̀nba eyín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́, ẹ jẹ́ kó bá yín bó obì fún wákàtí kan péré. Kì í wàásù. Kì í bi ẹnikẹ́ni pé ṣé o ti di àtúnbí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dúpẹ́. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì sí ààlà láàárín méjèèjì lẹ́nu rẹ̀. "Mo dúpẹ́ o, òjò dúró dè mí kí n tó jáde. Ọmọ Adétóun tó bá mi sọ agbọ̀n, ó ṣé. Olúwa mi, ẹ ṣé, ìka yìí tún ká lónìí." Orúkọ Jésù máa ń bọ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń bọ́ sínú ọbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan rí ọwọ́ rẹ̀.

Inú bí mi sí i lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri kì í fẹ́ gbọ́ ọpẹ́ láàárọ̀. Mo sọ ọ́ sí i lójú ní ọjọ́ kan, mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n o."

Ó wo agbọ̀n tèmi, ó wo tirẹ̀. Tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. "Yétúndé," ló pè mí, "o ṣé tí o rán mi létí. Jẹ́ kí n bá ọ bó díẹ̀ nínú tìrẹ." Ó sì fa obì mi sọ́dọ̀, Sàdíátù sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mùsùlùmí ni Sàdíátù, ó sì fẹ́ràn láti máa bá Màmá Bọ̀wálé ṣẹ̀fẹ̀. "Màmá," á ní, "bí ẹ̀fọn bá jẹ yín, ṣé ẹ ó dúpẹ́?"

"Ẹ̀fọn ló jí mi lóru àná," ni Màmá dáhùn, "ni mo bá rántí pé n kò tíì bo obì mi, òjò sì ti ń ṣú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ mo pa ẹ̀fọn náà."

"Alàmùdúlílà," ni Sàdíátù sọ. "Ohun tí èmi náà ń wí nìyẹn."

Fèrèsé yàrá Owólabí wà lókè orí wa gan-an. Gbogbo ohun tí à ń sọ, ó ń gbọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ọjọ́ tí kì í ní kí n pa fèrèsé dé, èmi náà á sì pa á dé, tí yàrá á móoru bí inú ààrò. Màmá Bọ̀wálé kò sọ nǹkan kan sí i. Òun nìkan ni kò kí ọkọ mi pé ẹ kú ewu. Bó bá dé láàárọ̀, á ní, "Dẹ́rẹ́bà, a ti dé o," bí ó bá ń lọ, á ní, "Dẹ́rẹ́bà, ó dàárọ̀." Kò dúró gbọ́ èsì. Ó dà bíi pé ó gbà pé èsì náà á wá nígbà tó bá yá, kò sì ní ìkánjú kankan.

Ní ọjọ́ kan, Sàdíátù bi í ní ìbéèrè kan tí èmi ì bá má bi í láé. N kò mọ ohun tó sún un débẹ̀. Ó ṣáà ní, "Màmá, ọjọ́ tí Bàbá Bọ̀wálé já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ṣé ẹ dúpẹ́?"

Mo ṣẹ́jú sí Sàdíátù, ó ti pẹ́ jù. Màmá Bọ̀wálé gbé obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Rárá," ló wí. "N kò dúpẹ́. Títí di òní, n kò dúpẹ́ ikú rẹ̀ rí, n kò sì rò pé Ọlọ́run ń retí ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Jésù pàápàá sunkún níbi òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò jó. Ẹ̀yin ò mọ̀ mí nígbà yẹn. Mo bínú. Mo máa ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, màá sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí n má bàa rí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ mi máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun? Bí ọmọdé. Á rẹ́rìn-ín, á sì jí mi. Mo máa ń bá a jà sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rántí ẹ̀rín yẹn, mo sì bá ara mi tí mò ń sọ pé, 'Olúwa, ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.' Kì í ṣe ikú ni mo dúpẹ́ sí. Ẹ̀rín ni. Ibẹ̀ ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kékeré kékeré, títí mo fi di ẹlẹ́nu púpọ̀ tí Yétúndé ń bú yìí."

Ojú tì mí díẹ̀, mo bá dìde láti lọ pa fèrèsé dé kí ọkọ mi má bàa gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú. Mo na ọwọ́ sí i. Ohùn Owólabí ti inú yàrá wá, ó kẹ́ díẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ló ní.

Láti ọjọ́ náà ni a kò ti pa fèrèsé dé mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì bi í ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ wọn ń lọ lábẹ́ fèrèsé: ọ̀rọ̀ obì tó ní kòkòrò, ọ̀rọ̀ ìyàwó tuntun tí Tàjúdéènì ọmọ Sàdíátù fẹ́ gbé, ọ̀rọ̀ bí Ọlọ́run ṣe bá Màmá Bọ̀wálé wá ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù, tí oníkẹ̀kẹ́ kan fi gbé e wálé nígbà tó yá. Sàdíátù ní oníkẹ̀kẹ́ ló wá a. Màmá ní, "Ta ló rán oníkẹ̀kẹ́?" Wọ́n jà sí i títí obì fi tán nílẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn báyìí ni a ti ṣe àṣìṣe kan ní ọjọ́ kan, tí mo ń dúpẹ́ lé lórí títí di òní. Oníbàárà wa láti Sábó ti ránṣẹ́ pé ọkọ̀ ń gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A ń kánjú, ẹnu wa kò sì dákẹ́. Obì tí a fọ̀ lánàá ni ó yẹ kí a dì, àwa sì fa agbọ̀n tí a fọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an síwájú, a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ewé sí i. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì í tán nígbà tí ohùn kan bú lókè orí wa.

"Ta ló ń di obì yẹn?"

Ọwọ́ wa dúró sínú ewé.

"Mo ní ta ló ń dì í? Mo gbọ́ tí ẹ ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí! Kò tíì gbẹ omi, kò tíì láàgùn, ẹ ti fẹ́ fi ewé bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ mọ bí ooru ṣe ń rí lábẹ́ tapólì? Kó tó dé Jẹ́bà á ti máa gbóná, kó tó dé Kánò, èyí tó jẹrà á ti ran èyí tó dára. Ẹ tú u!"

Ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé láti ọsibítù! Sàdíátù ti ọwọ́ bọ agbọ̀n, ó fà á jáde pẹ̀lú omi. "Súbúhánálláàhì," ló wí, "òkú mọ obì ju àwa alààyè lọ." Mo fẹ́ bá a jà nítorí ọ̀rọ̀ "òkú" yẹn, àmọ́ ẹ̀rín ti gbé mi, mo sì ń sunkún bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín. Màmá Bọ̀wálé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè sí fèrèsé, ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, o ṣé o," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú ewé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó tẹ́ ẹní, ó ti dé. Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó ṣe yín lóore lánàá, bí ẹ bá tilẹ̀ ti dúpẹ́ lánàá, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kí ẹ tún lọ dúpẹ́ àná. N kò rò pé ohun tó ju ìyẹn lọ ló gbé e wá. Ó bi mí bí òun bá lè wọlé sí Owólabí. N kò tíì jẹ́ kí ẹnì kankan wọ yàrá yẹn láti ìgbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì yà fún un.

Owólabí kọjú sí ògiri. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Dẹ́rẹ́bà, mo wá dúpẹ́ àná."

"Ẹ má dúpẹ́, màmá. Obì lásán ni."

"Obì lásán kọ́, kì í sì í ṣe tàná nìkan. Àná tèmi gùn. Láti ìgbà tí Bàbá Bọ̀wálé ti kú, obì ni mo fi tọ́ ọmọ, tó fi lọ sí ìwé, tó fi gbé ìyàwó. Ta ló ń gbé obì yẹn dé Kánò? Ìwọ àti Lásúnkànmí. Bí ẹ bá bọ̀, kí là ń bi yín? 'Ṣé ọjà tà?' N kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnì kankan nínú wa sọ pé, 'Ẹ ṣé tí ẹ gúnlẹ̀.' Ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣubú la ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ojú ọ̀nà léwu. Ọlọ́run ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo sì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n mo fo àwọn tó fi ọwọ́ wọn ṣe é. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi lọlọ́ṣà yẹn. Mo kó ẹrù yín wá."

Bó ti sọ báyìí tán, màmá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yìí di etí ẹní mú, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì níwájú ọkọ mi.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Owólabí gbọ́ ìró eékún nílẹ̀, ó yíjú padà, ó sì kígbe. "Màmá! Ẹ dìde! Ẹ má pa mí, ẹ dìde!" Màmá kò dìde. Ọkọ mi na ọwọ́, ọwọ́ kò tó o. Ó ti ògiri, ó ti ẹní, ó fi ẹsẹ̀ tó dára lélẹ̀, ó fi èyí tó ṣẹ́ tẹ̀ lé e, mo sì rí Owólabí lórí ìdúró pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, tó di Màmá Bọ̀wálé ní apá méjèèjì tó ń fà á sókè. Mo di ẹnu ọ̀nà mú.

Wọ́n jókòó ti ara wọn lórí ẹní. Owólabí ń mí gúlegúle.

"Màmá," ló ní, "ẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí. Ìgbà mi ni. Èmi ló yẹ kí n wà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọlọ́run, níbo ló wà nígbà tí táyà bẹ́?"

Mo retí ìwàásù. Màmá kò wàásù.

"Ó wà níbẹ̀," ló ní. "N kò tíì dé ibi tí n kò bá a rí, mo sì ti dé ibi tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi jẹ́ Lásúnkànmí, n kò mọ̀ ọ́n. N kò ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run nítorí kí n lè tù ọ́ nínú." Ó nu ojú rẹ̀. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti fún ọ ní tìrẹ. Ti Lásúnkànmí ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ ló ni ín báyìí, Ìpara ni mo sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Àgbà ni mí, n kò sì mọ ilé wọn."

Mo gbọ́ tí Sàdíátù ń da omi sí obì níta.

"Èmi mọ ilé náà," ni ọkọ mi wí.

Tàjúdéènì, ọmọ Sàdíátù, ló fi takisí rẹ̀ gbé wa. Owólabí kò tíì jókòó sí iwájú ọkọ̀ láti ìgbà ìjàǹbá, òógùn bò ó kí a tó jáde ní Ṣàgámù. Tàjúdéènì rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí rọra wakọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ń kọjá lára wa tó ń juwọ́. Màmá Bọ̀wálé ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn: ó ń fi ilé ìwé tí Bọ̀wálé lọ ní Ìpẹru hàn wá, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà kan tí ó ti kú. Nígbà tí a kọjá Òde-Rẹ́mọ, Owólabí kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Tàjúdéènì," ló ní, "jíà kejì lo wà láti ìgbà tí a ti gbéra. Ṣé o fẹ́ jó ẹ́ńjìnnì ni?" Tàjúdéènì yí jíà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí a dé Ìpara, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu gbogbo wa. Àgbẹ̀ ni ìdílé Lásúnkànmí láti ìran dé ìran, ìsìn àwọn bàbá wọn ni wọ́n sì ń ṣe, wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lórí àpótí. Ó ti rù. Ojúlówó Rẹ́mọ ló ń sọ, bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ọ̀pọ̀ yín kò ní gbọ́ ọ, nítorí náà èmi ni mo ń tú u.

Owólabí fẹ́ dọ̀bálẹ̀, itan rẹ̀ kò gbà, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níwájú rẹ̀. A fẹ́ gbé e, màmá náà ní kí a fi í sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, màmá," ni ọkọ mi wí láti ilẹ̀. "Ó yẹ kí n ti wá. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo ti ń retí rẹ," ni màmá ní. "Kò sẹ́lòmíràn tí mo lè bi. Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀." Ó tẹ̀ síwájú lórí àpótí. Mo rò pé ó fẹ́ bi í pé kí ló dé tó fi yè tí ọmọ òun sì kú. Mo ti ń wá ohun tí màá sọ láti gba ọkọ mi sílẹ̀.

"Ṣé ó jẹun?" ni màmá béèrè.

Owólabí gbójú sókè. Kò yé e.

"Ọmọ mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ, ìkọ́kọrẹ́ ewùrà ni mò ń sè fún un. Ó ku díẹ̀ kó jinná. Ẹ fọn fèrè lọ́rì níta, ó ní, 'Ìyá mi, mò ń lọ.' Mo ní kó dúró. Ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi. Ṣé ebi ló fi kú? Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Bí mo bá ti gbé e sẹ́nu, màá ní, èmi ń jẹ, ọmọ mi kò jẹ."

"Èmi ni mo fọn fèrè," ni Owólabí wí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, ohun tí kò sọ fún èmi aya rẹ̀ rí. "Màmá, ó jẹun. A dúró ní Bódè-Sáàdù. Iyán ni, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Ó jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n tún bu òmíràn, ó jẹ ìyẹn náà. Nígbà tó jẹ ẹran tirẹ̀ tán, ó na ọwọ́ sí tèmi. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, 'Ẹni tó ń tòògbé kò nílò ẹran. Lọ sùn, èmi ni màá wà á.' Bó ṣe gba ẹran mi nìyẹn. Bó ṣe gba sítíárì nìyẹn. Ìgbà mi ni, màmá. Èmi ló yẹ kí n wà á."

"Ó gba ẹran rẹ?"

"Ó gbà á."

"Lẹ́yìn abọ́ méjì?"

"Lẹ́yìn abọ́ méjì, màmá."

Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ nínú obìnrin náà, ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. "Ọ̀kánjúwà ọmọ mi!" ló kígbe. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré! Ó ń gba ẹran ẹ̀gbọ́n rẹ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fa orí Owólabí sí itan rẹ̀, ọkọ mi tí kò sunkún ní ọsibítù, tí kò sunkún nílé, sì bú sẹ́kún lórí itan ìyá Lásúnkànmí. "Ó yó," ni màmá ń wí lórí orí rẹ̀. "Ọmọ mi yó. Ó jẹ ẹran, ó yó."

Mo wo Màmá Bọ̀wálé. Ọpẹ́ tí ó gbé wá, ó sọ ọ́ ní ìwọ̀nba, pé òun wá dúpẹ́ gbogbo ọjọ́ tí Lásúnkànmí fi gbé ẹrù òun gúnlẹ̀. Ìyá Lásúnkànmí ló yíjú sí i.

"Ọlọ́run tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí," ló ní, "èmi kò mọ̀ ọ́n tó yín. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbọ́. Ẹ ní ìyá Lásúnkànmí ní ó ṣé, ọmọ òun kò fi ebi lọ."

"Ẹ̀yin náà lè sọ fún un," ni Màmá Bọ̀wálé dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó ń gbọ́ Rẹ́mọ."

Ìyá Lásúnkànmí gbé orí sókè, ó pe ìyàwó ilé tó wà ní ilé ìdáná, ohùn rẹ̀ sì dún débi pé adìẹ fò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ rin ewùrà," ló ní. "Ẹ gbé ìkòkò kaná. Ebi ń pa mí."